Àkìtàn Tàn

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Sumberwaru,
ní ìlà-oòrùn erékùṣù Jáfà,
Wartinah ti ṣí ẹnu páìpù, ó ti ṣáná sí i,
ó dúró, ó ń tẹ́tí.
Páìpù kọ́kọ́ wúkọ́.
Ó pòṣé. Ó tutọ́ omi díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni iná aláwọ̀ aró yọjú,
kò ju ìka ọmọ tuntun lọ,
ó rọra fara mọ́ ìdí ìkòkò ẹ̀wà sóyà
tí yóò di témpè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tùnla.

Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ri páìpù ni.
Ní ọjọ́ tí mo dé, mo bi í pé, "Kí ló ń jó yẹn?"
Ó fi ìdí ṣíbí tọ́ka síta fèrèsé,
sí òkè tí kì í ṣe Ọlọ́run ló mọ ọ́n:
"Àjẹkù àwọn ará ìlú ńlá.
Ìrẹsì àná àwọn ìyàwó ilé tí n ò mọ̀ rí,
èèpo dúríánì, orí ẹja, òdòdó ìgbéyàwó tó ti rọ,
máńgòrò tí ọmọ kan gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tó jù nù.
Wọ́n wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń jẹrà, wọ́n ń mí.
Èémí wọn ni mo fi ń se ẹ̀wà."

Paimin, ọkọ àbúrò rẹ̀, ló kọ́kọ́ fura.
Ogún ọdún ló fi ṣa ike lórí òkè náà.
Lọ́jọ́ kan, sìgá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀,
ilẹ̀ gbaná láìsí igi, láìsí epo.
Àwọn yòókù sá. Òun jókòó, ó ń wò ó.
Ó ní, "Ohun tó lè jó mi lè bá mi gbọ́únjẹ."

Ní èdè tèmi, àkìtàn là ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀.
Mo là á yé Wartinah, ó ń fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín:
Tán, ìyẹn ni pé ó parí. Tàn, ó ń mọ́lẹ̀.
Tàn náà ni kí a fi ẹ̀tàn mú ènìyàn.
"Èwo ni ti òkè yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"
Ó ro ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní, "Ó dá lórí ọjọ́."

Paimin ló sọ ìyókù fún mi, ní ẹ̀yìn ilé, ní ohùn jẹ́jẹ́.
Òjò ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òkè já lóru.
Wagiyo, ọmọ Wartinah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
ti fi tọ́ọ̀ṣì lọ wá wáyà bàbà.
Wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí di ọjọ́ karùn-ún.
Wọ́n rí bàtà ẹsẹ̀ òsì.
Títí di òní, ẹsẹ̀ òsì náà ni.

Láti ọjọ́ náà n ò tún bi í
pé kí ló ń jó.

Lálẹ́ àná, òjò tún ṣú.
Iná gbọ̀n, ó pọ́n lójú, ó kú mọ́ ìdí ìkòkò.
Wartinah ò pariwo. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ,
ó gbé àpótí sẹ́bàá páìpù, ó jókòó tì í
bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.
Paimin sáré jáde nínú òjò, ó tú ike tó wà níbi tí páìpù ti tẹ̀,
ó da omi dúdú inú rẹ̀ sí kòtò,
ó ní òkè náà ò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́, bí ọdún mẹ́wàá,
bí wọ́n bá ṣì ń kó oúnjẹ wá jù síbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìṣáná kẹta.
Páìpù wúkọ́, ó pòṣé,
ìka kékeré aláwọ̀ aró náà tún yọ.
Wartinah tẹ orí ba, ó sún mọ́ ọn tí irun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.
"O pẹ́," ló wí fún un,
ó sì gbé ìkòkò padà kaná.